Kí Ọjọ́ Àjò Tó Kò: Láti Ayé Aláàárù Dé Ayé Gáréèjì ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́

Ní ọjọ́ 23 oṣù Ṣẹ́rẹ́ ọdún 1826, nígbà tí Aláàfin Májòtú wà lórí ìtẹ́ àwọn baba rẹ̀, òyìnbó arìnrìn-àjò kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Hugh Clapperton wọ Ọ̀yọ́ Ilé, òun àti Richard Lander ìránṣẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn tí wọ́n ti la ilẹ̀ Yorùbá já láti Àgbádárìgì, tí ikú sì ti mú nínú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn lọ lójú ọ̀nà. Odò Ọya ni ọkàn ọkùnrin yìí wà, ibi tí odò náà ń ṣàn gbà ni ó ń wá kiri, kò sì fẹ́ pẹ́ ní ìlú ọba. Ṣùgbọ́n ọjọ́ ń gorí ọjọ́, oṣù lé, oṣù wọ̀, ó di ọjọ́ 7 oṣù Ẹrẹ́nà kí ó tó rí ọ̀nà jáde. Ẹ̀bùn wà nínú ẹrù rẹ̀, ara rẹ̀ sì ń gbóná láti máa lọ, síbẹ̀ kò sí ohun tí ó lè dá ṣe, nítorí pé ní ayé ọjọ́un àlejò pàtàkì kì í ṣàdéédé pe aláàárù ní ìgboro, kì í sì í gba ẹnubodè kọjá, àfi bí Aláàfin, Ikú Bàbá Yèyé, bá rán ìlàrí, ìránṣẹ́ ààfin, ṣíwájú rẹ̀ láti sọ fún àwọn baálẹ̀ ojú ọ̀nà pé ẹni báyìí ń bọ̀, kí wọ́n wá àwọn ọkùnrin tí yóò gba ẹrù rẹ̀ lórí àwọn tí ó gbé e dé. Ọba sì ní ìdí tirẹ̀ tí kò fi yára rán ìlàrí bẹ́ẹ̀, nítorí ogun wà ní ìhà Tápà, àwọn Fúlàní sì ti sọ ọ̀nà di ahoro. Bí àlejò náà bá ṣègbé, ọrùn Aláàfin ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ yóò wà.

Mo gbé ìtàn yìí ṣíwájú nítorí pé mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọ̀mọ̀wé kan pé lọ́wọ́ òyìnbó ni a ti kọ́ bí a ti í wá ẹni gbé ni sílẹ̀ kí ọjọ́ ìrìn tó pé, pé ìṣe àwọn baba wa ni kí wọ́n jí, kí wọ́n ki ọ̀pá bọwọ́, kí wọ́n sì máa lọ. Ẹni tí ó bá wo bí ará Ọ̀yọ́ àti ará Ògbómọ̀ṣọ́ ṣe ń rìn ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún yóò rí i pé àwọn àgbà mọ ìrìn tí a ń ránṣẹ́ ṣíwájú rẹ̀, wọ́n sì mọ èyí tí kò gba ìránṣẹ́ kankan. Nínú mímọ ìyàtọ̀ àárín àwọn méjèèjì ni ọgbọ́n wọn wà, ọgbọ́n náà sì tó ohun tí a lè tọpa rẹ̀ láti ayé aláàárù títí dé ojú wa yìí.

Ìrìn ilé sí oko, ìrìn Ọ̀yọ́ sí Àwẹ́, ìrìn àgbègbè kan sí ọjà Àkẹ̀sán níwájú ààfin, èyí kì í ṣe ohun tí à ń gbèrò. Orí ẹni ni ọkọ̀ ẹni. Ìyá a ru agbọ̀n, ọmọ a ru kèrègbè, wọn a dé ọjà, wọn a sì padà kí oúnjẹ alẹ́ tó jinná. Bí ẹrù bá ju agbára lọ, ọmọ ilé pọ̀, ará àdúgbò kò sì ní kọ̀. Ẹni tí ó bá lọ fi ọjọ́ mẹ́ta bẹ aláàárù fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀, wọn yóò bi í léèrè bóyá ara rẹ̀ kò yá.

Àmọ́ bí ó bá di pé ìrìn yóò ju oorun kan lọ, ọ̀rọ̀ yí padà. Láti Ọ̀yọ́ tuntun, èyí tí Aláàfin Àtìbà tẹ̀ dó sí Àgọ́ Ọjà lẹ́yìn tí Ọ̀yọ́ Ilé tú, ó lé díẹ̀ ní 30 máìlì dé Ìbàdàn níhà gúúsù, ó sì tó bẹ́ẹ̀ dé Ògbómọ̀ṣọ́ níhà àríwá; láti Ògbómọ̀ṣọ́ dé Ìlọrin náà kò yàtọ̀ púpọ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ le tí kò sì ru nǹkan kan lè fi ọjọ́ kan gígùn rin ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, ṣùgbọ́n ẹlẹ́rù kò lè ṣe é. Alájàpá tí ó ń kó aṣọ, kànún-ún, obì tàbí igbá fínfín láti ìlú dé ìlú ní láti mọ iye orí tí yóò ru ẹrù rẹ̀, kí ó sì mọ ẹni tí ó ni orí wọ̀nyí. Àwọn kan ní ọmọ tiwọn. Àwọn mìíràn ní ìwọ̀fà. A kò sì gbọdọ̀ fi ọ̀rọ̀ pamọ́, àwọn ọlọ́rọ̀ ayé ìgbà náà a máa fi ẹrú ru ẹrù, ẹ̀yìn àwọn ènìyàn tí kò ní ohùn nínú ọ̀rọ̀ náà ni púpọ̀ nínú òwò ilẹ̀ wa gbé gòkè. Ẹni tí kò bá ní èyíkéyìí nínú wọn ni yóò wá aláàárù tí ń gbowó, yóò bá a dá ọjọ́, yóò sì san díẹ̀ sílẹ̀ nínú owó rẹ̀ kí ó lè fi oúnjẹ sílẹ̀ fún àwọn ará ilé rẹ̀ kí ó tó jáde.

Owó fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ń wá ẹni tí yóò gbé òun. Ọ̀kẹ́ kan owó ẹyọ, èyí tí í ṣe 20,000, tó ẹrù fún ọkùnrin kan. Nítorí náà alájàpá tí ó bá fẹ́ ra ọjà ọ̀kẹ́ mẹ́wàá ní ìlú òkèèrè yóò wá ènìyàn mẹ́wàá láti gbé owó lọ, yóò sì tún ro ti àwọn tí yóò gbé ọjà bọ̀, àti ti owó bodè tí àwọn oníbodè yóò gbà ní ẹnu odi kọ̀ọ̀kan, àti ti owó iṣẹ́ àwọn aláàárù náà, èyí tí ó tún jẹ́ owó ẹyọ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ rù. Ẹ wò ó bí ìrònú wọn ti jinlẹ̀ tó! Ẹni tí kò bá jókòó ṣe ìṣirò yìí ní ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọjọ́ ṣáájú, àárín ọ̀nà ni ẹrù yóò ti já lé e lọ́wọ́.

Ohun kejì tí ó ń mú kí a tètè dá ọjọ́ ni ọ̀wọ́ èrò. Ìwọ̀nba ni ẹni tí í dá rìn ní ọ̀nà jíjìn, nítorí àwọn agbénipa àti àwọn ajínigbé. Àwọn oníṣòwò, tí púpọ̀ nínú wọn jẹ́ obìnrin, a máa kó ara wọn jọ sábẹ́ olórí èrò, ẹni tí ó mọ ọ̀nà, tí ó mọ oníbodè, tí ó sì mọ àkókò tí ọjà ìlú tí wọ́n ń lọ yóò kò. Ọjà ọrọọrún àti ọjà ìsàn mẹ́sàn-án-mẹ́sàn-án ni ó ń ṣe ìkà ọjọ́ fún wọn: bí ọjà bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ, o di ẹni tí ń jókòó ti ẹrù. Wọn kì í sì í jáde ní ọjọ́ Ẹtì tàbí Ọjọ́rú bí wọ́n bá lè yẹra fún un. Nígbà tí babaláwo bá sì ti wo ọjọ́ tí ó dára, olórí èrò yóò kéde rẹ̀, ẹni tí kò bá ti di ẹrù rẹ̀ nígbà tí àkùkọ bá kọ lówùúrọ̀ ọjọ́ náà yóò dúró de ọ̀wọ́ mìíràn. Èyí ni mo pè ní gbígba àyè sílẹ̀ ní ayé àwọn baba wa. Kò sí ìwé kankan níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu ni, ojú tí ènìyàn sì ní láàárín ẹgbẹ́ ni ó ń ṣe onídùúró rẹ̀.

Òjò náà ní ìdájọ́ tirẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀rùn, odò Ọ̀bà àti àwọn odò kéékèèké mìíràn kì í dí ẹnikẹ́ni lọ́wọ́. Nígbà tí òjò bá ti rọ̀ dé góńgó, àwọn odò ńlá bíi Ògùn àti Ọ̀ṣun a kún dé ẹnu, àwọn onígbá ni yóò sì máa fi igbá ràbàtà gbé èrò kọjá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn a wẹ̀, wọn a ti igbá síwájú, ènìyàn a dì í mú. Bí ọ̀wọ́ èrò bá pọ̀, ìdúró etí odò lè jẹ odidi ọjọ́ kan, nítorí náà ni olórí èrò tí ó gbọ́n ṣe máa ń rán ọmọkùnrin kan ṣáájú láti bá àwọn onígbá sọ̀rọ̀ kí ẹsẹ̀ tó pọ̀ níbẹ̀.

Nígbà tí ogun sì dé, ó di pé ẹni tí kò bá mọ ọjọ́ tí ọ̀nà yóò ṣí, bí ó tilẹ̀ ní ọgọ́rùn-ún aláàárù, ilé ni yóò jókòó sí. Ogun Ìjàyè láti 1860 dé 1862, àti lẹ́yìn náà ogun Kírìjì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1877 tí àwọn àgọ́ rẹ̀ kò sì tú títí di 1893, sọ ọ̀nà gbogbo di ohun tí à ń bá ọba àti balógun tọrọ. Robert Campbell àti Martin Delany, àwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú méjì tí wọ́n wá láti òkè òkun láti wá ilẹ̀ tí àwọn ènìyàn wọn lè padà sí, gba Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ kọjá nígbà tí ogun Ìjàyè ń rú èéfín. Ìjọ Onítẹ̀bọmi tí T. J. Bowen gbìn sí Ògbómọ̀ṣọ́ ní 1855 náà mọ ohun tí ó ń jẹ́ kí ọ̀nà dí, kí lẹ́tà máà dé, kí ẹrù máà wọlé. Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tí ó bá gbọ́n. Arọ ni ó mọ̀ ju ẹlẹ́sẹ̀ lọ pé ẹni tí yóò gbé òun kúrò nílùú gbọ́dọ̀ ti gbọ́ ọ̀rọ̀ náà kí ìbọn tó dún. Àwọn àgbà mọ ìtumọ̀ òwe yẹn dáradára ní ìgbà náà, nítorí ó ṣẹ lójú wọn.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Èrèlé 1893, Aláàfin Adéyẹmí Àlówólódù fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gómìnà Carter ti Èkó, ọ̀nà sì ṣí. Láìpẹ́, ọkọ̀ ojú irin bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè bọ̀. Ó dé Ìbàdàn ní oṣù Ẹrẹ́nà 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní ọdún tí ó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ó yà kúrò lọ́nà Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ pátápátá. Ìlú Aláàfin, ìlú tí ó ti jẹ́ orí fún ilẹ̀ tí ó lọ jìnnà, wà láìní ìbùdókọ̀ ojú irin, Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété pẹ̀lú ìṣòwò rẹ̀ tí ó gbilẹ̀ sì wà bẹ́ẹ̀. Ó dùn mí láti kọ ọ́, nítorí mo gbà pé ohun tí ó bá àwọn ìlú méjèèjì yìí nínú ọrọ̀ ajé láti ìgbà náà, púpọ̀ nínú rẹ̀ wá láti inú ìyàkúrò yẹn. Àmọ́ ó fi ẹ̀kọ́ kan lélẹ̀. Ọkọ̀ ojú irin ní àkókò tí a tẹ̀ sínú ìwé, kì í dúró de ẹnikẹ́ni; ará Ọ̀yọ́ tí ó bá fẹ́ wọ̀ ọ́ yóò kọ́kọ́ rin dé Ìbàdàn, ará Ògbómọ̀ṣọ́ yóò sì forí lé Òṣogbo tàbí Ìlọrin, nítorí náà a ní láti ka ọjọ́ sẹ́yìn láti wákàtí tí ọkọ̀ yóò ṣí títí dé òwúrọ̀ tí a óò jáde nílé, kí a sì fi oorun ọjọ́ kan lé e nítorí àìmọ̀. Ìṣirò àwọn alájàpá kò parẹ́. Ibùdókọ̀ ni ó gba ipò ọjọ́ ọjà.

Kò pẹ́ tí ọlá mìíràn fi kan Ọ̀yọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ọ̀dọ́ wa kò mọ̀ ọ́n mọ́. Nǹkan bí 1906 ni a la ọ̀nà láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ tí mọ́tò lè rìn, òun ni a sì kà sí àkọ́kọ́ irú rẹ̀ ní gbogbo ilẹ̀ tí a ń pè ní Nàìjíríà lónìí. Ní 1907, ìjọba ti ń fi mọ́tò kó ẹrù àti èrò lórí rẹ̀. Lórí oyè Aláàfin Lawani Àgógo-Ìjà ni èyí ṣẹlẹ̀. Àwọn tí wọ́n fi ọkọ́ àti àdá la ọ̀nà náà, àwọn ọmọ ilé tí àwọn ìjòyè kó jáde, kò sí ìwé tí ó sọ orúkọ wọn. Lẹ́yìn náà ni ọ̀nà náà nà dé Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ìlọrin. Síbẹ̀ aláàárù kò tíì kúrò lójú ọ̀nà. Fún ọ̀pọ̀ ọdún sí i, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó tí ó bá ń jáde lọ sí ìgbèríko a ránṣẹ́ sí àwọn baálẹ̀ pé kí wọ́n pèsè ọkùnrin sílẹ̀ de ẹrù òun, gẹ́gẹ́ bí ìlàrí ti í ṣe ní ayé Májòtú.

Lẹ́yìn ogun àgbáyé kìíní ni ọkọ̀ akẹ́rù di ti gbogbo ènìyàn. Àwọn ọmọ Yorùbá fúnra wọn ra mọ́tò, irú àwọn bíi Sàlámì Àgbàjé ti Ìbàdàn, ẹni tí òkìkí ọrọ̀ rẹ̀ kàn dé ìlú púpọ̀. Bọ̀lẹ̀kájà onípákó sì di ohun tí à ń rí lórí ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, èrò nínú, ewúrẹ́ lábẹ́ ìjókòó, àpò gaàrí lórí òrùlé, àkọlé àdúrà níwájú. Ọkọ̀ wọ̀nyí kì í ní àkókò tí a kọ sílẹ̀ bí ti ojú irin. Bí ó bá kún, ó ń lọ. Bí kò bá kún, kò lọ. Nítorí náà ni ìgbésí ayé tuntun kan ṣe bẹ̀rẹ̀, èyí tí ó rọrùn jù fún ẹni tí kò ní ẹrù púpọ̀: o lọ sí gáréèjì, o jókòó, agbèrò ké pé ó ku ẹnì kan, ọkọ̀ ṣí. Ìrìn ọjọ́ méjì di ìrìn wákàtí díẹ̀, ohun tí ó ń gba ìpàdé ẹgbẹ́ di ohun tí ọmọdé lè dá ṣe. Inú mi dùn sí ìrọ̀rùn yìí, n kò sì ní bu ẹnu àtẹ́ lù ú.

Àmọ́ àwọn oníṣòwò kò tẹ̀lé ìrọ̀rùn náà ní àtẹ̀láìwẹ̀yìn. Ẹni tí ó bá fẹ́ kó máńgòrò láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ sí Èkó mọ̀ pé èso kì í dúró de awakọ̀. Ní àkókò tí máńgòrò àti kàjú bá so wọ̀ǹtìwọ̀ǹtì, tí gbogbo igi àyíká ìlú bá pọ́n lẹ́ẹ̀kan náà, ọkọ̀ a wọ́n, ẹni tí ó bá ká èso rẹ̀ tán kí ó tó wá ọkọ̀ yóò wò ó títí yóò fi jẹrà. Ọ̀nà tí àwọn ìyá wa tí ń ṣe òwò yìí ń gbà ni pé ọkọ̀ ni wọn kọ́kọ́ ń háyà. Wọn a bá awakọ̀ tí wọ́n mọ̀, tí ó mọ ilé wọn, tí ó ti bá wọn jẹun ọdún rí, wọn a fi owó díẹ̀ há a lọ́wọ́, wọn a dá ọjọ́, lẹ́yìn èyí ni àwọn aláká yóò tó gun igi. Bákan náà ni àwọn tí ń kó iṣu àti gaàrí láti inú oko ṣe ń bá onímọ́tò sọ ọ́ ní ọjọ́ ọjà yìí pé kí ó wọ abúlé wọn ní ọjọ́ ọjà tí ń bọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́. Awakọ̀ tí ó bá já wọn kulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, orúkọ rẹ̀ bàjẹ́ láti Ìkòyí-Ilé dé Ọ̀yọ́. Bí òkú bá sì wà nílẹ̀, tàbí ìyàwó tí a ó gbé lọ sí ìlú mìíràn, kò sí ẹni tí í lọ bá agbèrò ní gáréèjì. Ọ̀sẹ̀ púpọ̀ ṣáájú ni àwọn àgbà ilé ti ń bi ara wọn pé ọkọ̀ ta ni a ó lò.

Bí a bá ń sọ ti Ògbómọ̀ṣọ́, a kò lè fẹnu sọ ìrìn-àjò kí a má dárúkọ Góòlù Kósìtì, ilẹ̀ tí à ń pè ní Gánà lónìí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ogún ni àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ti ń ru aṣọ lórí lọ sí ìhà ìwọ̀-oòrùn, wọ́n ń la ilẹ̀ Ìbàrìbá kọjá, wọ́n ń tọ ọ̀nà obì àtijọ́ tí àwọn Gàm̀bàrí ti ń rìn tipẹ́tipẹ́, títí wọ́n fi dé Tàmálè àti àwọn ìlú àyíká rẹ̀ ní àríwá Gánà, níbi tí àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ wá pọ̀ jọjọ láàárín àwọn Yorùbá tí ó wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwọn ará Ìgbẹ́tì, Ìgbòho àti Ṣakí. Ẹsẹ̀ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, ọ̀sẹ̀ lórí ọ̀sẹ̀. Nígbà tí mọ́tò dé, ọ̀nà náà yí sí etí òkun, láti Èkó gba Kútọnu, gba Lómè, gba Àkúrá, gba Kùmásí, kí a tó yí orí sí àríwá. Ẹni tí ó bá ń lọ sílé fún ọdún tàbí fún ìsìnkú a máa gbèrò ìrìn náà fún oṣù púpọ̀, a máa bá ará ìlú rẹ̀ fohùn ṣọ̀kan kí wọ́n lè jọ rìn, nítorí àwọn ẹnubodè pọ̀, èdè àwọn asọ́bodè sì yàtọ̀.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Bélú ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia kéde ní Gánà pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú lọ gbà á tàbí kí wọ́n jáde kúrò ní ilẹ̀ náà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọ̀sẹ̀ méjì! Àwọn tí wọ́n ti lo 30 ọdún, àwọn tí a bí síbẹ̀, àwọn tí ó kọ́ ilé, tí ó ní ṣọ́ọ̀bù, tí ó ní gbèsè lóde lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, gbogbo wọn ni ó ń wá ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan náà, sí ọ̀nà kan náà. Ọjà tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó jọ di ohun tí à ń tà ní ẹ̀dínwó ńlá. Ohun tí ọkọ̀ bá lè gbé ni ó tẹ̀ lé wọn bọ̀. Ohun tí kò lè gbé di ti onílẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn yóò sọ pé òfin àwọn àlejò tí a fi lé wọn kò jẹ́ tuntun, pé láti 1963 ni ó ti wà nínú ìwé, pé ó yẹ kí wọ́n ti rí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ní òótọ́ nínú, ṣùgbọ́n kò ní àánú. Àjò kì í dùn kí onílé má re ilé, bẹ́ẹ̀ ni. Àmọ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí kò ka ibẹ̀ sí àjò mọ́, ẹni tí ó bá sì ti sọ ibì kan di ilé kì í wá ọkọ̀ sílẹ̀ láti kúrò níbẹ̀. Ohun tí ó ràn wọ́n lọ́wọ́ jù ni ohun tí wọ́n gbé láti ilé lọ: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ìjọ, ojúlùmọ̀ awakọ̀. Ẹni tí ó bá ní ẹni tí ó mọ ọkọ̀ ni ó kọ́kọ́ jáde pẹ̀lú ẹrù rẹ̀.

Ọdún 14 kò tíì pé lẹ́yìn èyí tí ìjọba tiwa náà, ní oṣù Ṣẹ́rẹ́ 1983, fi ọ̀sẹ̀ méjì fún àwọn ará Gánà àti àwọn àlejò mìíràn láti jáde ní Nàìjíríà, ní àkókò tí ẹnubodè Gánà àti Tógò wà ní títì láti ọdún tí ó ṣáájú. Ọ̀kẹ́ àìmọye ènìyàn dúró lójú ọ̀nà pẹ̀lú àpò wọn. Ó yẹ kí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ju ẹnikẹ́ni lọ mọ ohun tí ojú wọn rí, mo sì gbàdúrà kí irú rẹ̀ má tún ṣẹlẹ̀ ní ilẹ̀ kankan.

Ní ti ilé, gáréèjì ti di ìjọba láàyè ara rẹ̀. Ní 1978 ni a dá ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọkọ̀ sílẹ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, àwọn ni ó sì ń ṣètò bí ọkọ̀ ṣe ń tò ní Owódé ní Ọ̀yọ́ àti ní àwọn gáréèjì Ògbómọ̀ṣọ́ títí di 2019, kí èyí tí ó kọ́kọ́ dé lè kọ́kọ́ kún. Fún ìrìn ojoojúmọ́, ètò yìí tó. Ẹni tí ó bá ń lọ láti Owódé sí Tákìí ní Ògbómọ̀ṣọ́ ní ọjọ́ lásán, tí ó sì ń wá ẹni tí yóò gba àyè sílẹ̀ fún un, ó ń fi àkókò ṣòfò, nítorí ọkọ̀ kan kò ní tíì jáde tán kí òmíràn tó máa kún. Ohun tí ó yí padà ni ìwọ̀n èrò ní àwọn ọjọ́ kan. Láti 1990 tí a ti dá yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá sílẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti parí sáà, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ a dà sí gáréèjì bí omi. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀sẹ̀ Iléyá, nígbà tí àwọn ọmọ wa ti Jọ́ọ̀sì àti Kánò bá ń bọ̀ wálé, bẹ́ẹ̀ ni oṣù Ọ̀pẹ, bẹ́ẹ̀ ni ọdún Ṣàngó ní Ọ̀yọ́ nínú oṣù Ògún. Ní irú ọjọ́ wọ̀nyẹn owó ọkọ̀ a gòkè láàárọ̀, a tún gòkè lọ́sàn-án, ẹni tí ó bá sì dé lálẹ́ lè sùn sí gáréèjì. Láti ìgbà tí a ti yọ owó ìrànwọ́ lórí epo ní oṣù Èbìbì 2023 ni ìyàtọ̀ yìí ti túbọ̀ ń dun àpò.

Fóònù alágbèéká, tí ó dé ọwọ́ àwọn ènìyàn láti 2001, ti dá púpọ̀ nínú ìṣe àwọn ìyá onímáńgòrò padà. Lónìí àwọn ìdílé ní awakọ̀ tiwọn tí wọ́n ń pè, wọn a fi owó ránṣẹ́ sí i láti ilé ìfowópamọ́, yóò sì wà lẹ́nu ọ̀nà ní wákàtí tí wọ́n dá. Ọkọ̀ ojú irin tuntun tí ó bẹ̀rẹ̀ láàárín Èkó àti Ìbàdàn ní oṣù Òkúdu 2021 sì fi ìdíkọ̀ rẹ̀ sí Mọ́níyà, lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ gan-an, tí ó fi jẹ́ pé lẹ́yìn 120 ọdún ó ti súnmọ́ ará Ọ̀yọ́ ju bí ó ti wà ní 1901 lọ. Ó ní àkókò, ó ní ìwé ìwọkọ̀, kò sì dúró de ẹni tí ó pẹ́.

Ẹ̀bẹ̀ mi wà fún àwọn olórí gáréèjì ní Ọ̀yọ́ àti ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ kan ètò ọjọ́ lásán, ó dára bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sẹ̀ Iléyá, ní ọ̀sẹ̀ ìparí ọdún, ní ọ̀sẹ̀ ọdún Ṣàngó àti ní ọjọ́ ìparí sáà àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ẹ yan akọ̀wé kan sí gáréèjì, kí ó ní ìwé tí yóò máa kọ orúkọ èrò sí ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú, kí iye owó tí ó gbà lónìí jẹ́ iye tí ẹ ó gbà ní ọjọ́ ìrìn, kí àwọn arúgbó àti abiyamọ lè mọ ọkọ̀ tí wọ́n máa wọ̀ kí wọ́n tó jáde nílé. Olórí èrò ayé àtijọ́ ṣe é láìmọ̀ọ́kọ-mọ̀ọ́kà, nínú ewu ogun àti ajínigbé. Ẹ̀yin náà lè ṣe é.